Ọjọ́ Tí Wọ́n Bọ́ Jákẹ́ẹ̀tì Lára Mọ́lì

Ajá ni tọkọtaya náà ń jà lé lórí láàárọ̀ Sátidé yẹn, nínú oṣù June ọdún 2013, ìjà ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀ kí omi ìrẹsì tó hó. Morẹ́nikẹ́ wà nídìí sítóòfù nínú ilé wọn ní Newton Heath nílùú òyìnbó, ó ń din ẹja. Oyèbámijí, ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, kò wọlé, kò jáde, ó ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó ń wẹ̀ lókè má baà gbọ́. Ìyá náà ti Ṣàgámù dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará ilé àdúrà sì ń bọ̀ lọ́sàn-án láti bá wọn dúpẹ́ ìrìn àjò rẹ̀.

"Wákàtí méjì péré," Oyèbámijí wí. "Bọ́ jákẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, fi í sí backyard, ti géètì. Ṣé ìyẹn náà wá di ìjà?"

"Ta ló máa wà pẹ̀lú Ìtẹ́?"

"Ṣé gbogbo wa kọ́ la máa wà níbẹ̀ ni? Èèyàn bíi mẹ́wàá ló ń bọ̀."

"Daddy Ìtẹ́, èèyàn mẹ́wàá ò lè mú ọmọ yẹn tó bá gbéra. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó mọ̀. Ìtẹ́olúwa ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní autism. Kì í sọ̀rọ̀. Bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dáhùn, kì í sì í wo mọ́tò kó tó bọ́ sójú títì. Mọ́lì ni kò jẹ́ kí títì tíì gbé e lọ. Ajá dúdú ni Mọ́lì, ó tóbi, ó sanra, ẹgbẹ́ aláàánú kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀, okùn kan máa ń ti ara jákẹ́ẹ̀tì náà wá sí bẹ́líìtì ìdí Ìtẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ sá, Mọ́lì á fìdí lélẹ̀, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó lè wọ́ ọ nílẹ̀. Bí ara ọmọ bá ń gbọ̀n, á lọ dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, á wúwo lé e títí ara á fi rọ̀ ọ́. Ohun tí òróró àdúrà ò ṣe, ajá ń ṣe é.

"Ojú ń tì mí," Oyèbámijí wí. "Dekini Theophilus sọ ọ́ sí mi níwájú àwọn èèyàn, pé òun ò lè wọ ilé onígbàgbọ́ kí ajá dúdú máa gbóòórùn ẹsẹ̀ òun. Morẹ́nikẹ́, kí ni kí n sọ fún un?"

"Kẹ́ ẹ sọ fún un pé ọmọ yín ló ń ṣọ́."



Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ìtìjú yìí. Ojú ò tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n da òróró sí ọmọ náà lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi ṣàn wọ ojú rẹ̀, tí ọmọ ń ké, tí wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń ké. Ojú ò tì wọ́n láti máa sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé ọmọ náà kàn ń tijú àlejò ni. Ajá tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi ni ojú wá ń tì wọ́n sí.

"Ó dáa," Morẹ́nikẹ́ wí nígbẹ̀yìn. Ìyá ọkọ wà nínú ilé. Obìnrin tó bá ń bá ọkọ jà níṣojú ìyá ọkọ mọ ohun tí wọ́n á máa sọ nípa òun ní Ṣàgámù. Ó yí ẹja padà, apá kan ti jóná.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tú okùn kúrò ní bẹ́líìtì ọmọ, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó fi í kọ́ sábẹ́ kóòtù Oyèbámijí. Mọ́lì gbọn ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni pé tí jákẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò, iṣẹ́ ti tán, ó lè ṣeré. Ó ju ìrù, ó tẹ̀ lé Morẹ́nikẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àgbàlá oníbíríkì kan tí kò gbà ju garawa ìdọ̀tí àti okùn aṣọ lọ. Morẹ́nikẹ́ gbé omi fún un, ó ti géètì tó jáde sí ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé, ó fi irin dá a lábùú. Nígbà tó padà wọlé, Ìtẹ́ ti kúrò níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ tó máa ń wò bó ṣe ń yí. Ìdí ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ṣí irin bẹ́líìtì, ó pa á dé. Ó ṣí i, ó tún pa á dé.

"Mọ́lì ń sinmi," ìyá rẹ̀ wí fún un. "Ó máa tó wọlé."

Ó bu ìrẹsì funfun sínú abọ́ rẹ̀, láìfi ọbẹ̀ kàn án, torí Ìtẹ́ kì í jẹ oúnjẹ tó bá fara kan oúnjẹ mìíràn. Ọmọ náà ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ má fi ojú ìkà wo Màmá, ìyá Oyèbámijí. Obìnrin tó kó gààrì Ìjẹ̀bú àti ẹja gbígbẹ sínú àpótí títí kò fi sí àyè fún aṣọ tirẹ̀, tó máa ń jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí, Àkànní, Àkànní, bí ọmọ náà ò tilẹ̀ yíjú wò ó, kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ pé níbi tó ti wá, ìta ni ajá ń gbé.

Ó fẹ́ lọ sá táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ṣe jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mọ́lì ti fi imú ti ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Màmá kọ́kọ́ rò pé àwọn àlejò á gbọ́. Lẹ́yìn náà àánú ṣe é. Ní Ṣàgámù, tí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á lé ajá síta, ajá á lọ kiri àdúgbò, tí oòrùn bá ń wọ̀ á darí wálé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń há ẹran ọlọ́ràá mọ́lé láàárín garawa ìdọ̀tí bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó fa irin, ó ṣí géètì.

"Ó yá, lọ rìn káàkiri. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ kó o wálé."

Mọ́lì ò mira. Màmá fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀. Ajá náà jáde, ó jókòó sínú ọ̀nà tóóró, ó kọjú sí géètì. Màmá pa géètì dé, ṣùgbọ́n kò fi irin dá a lábùú mọ́. Tí ajá bá padà dé, ibo ló fẹ́ gbà wọlé? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń jíṣẹ́ ajá?

Àwọn àlejò dé, ẹ kú ilé o, Màmá ẹ kú ewu ìrìn, ẹ kú òtútù. Pálọ̀ náà kéré, orúnkún ń kan orúnkún. Dekini Theophilus wo ilẹ̀ yíká kó tó jókòó, ó wá rẹ́rìn-ín sí onílé.

"Brother Bámijí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ràn. Ìgbọ́ràn sàn ju ẹbọ lọ."

"Ẹ ṣeun, sà."

Sister Wúrà, tó máa ń dá orin, fọwọ́ pa Ìtẹ́ lórí. Ọmọ náà yẹ orí rẹ̀ kúrò.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, ma," Morẹ́nikẹ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá a bá ń sọ."

"Ọlọ́run á ṣí i lẹ́nu. Àbúrò ìyá mi ní irú ẹ̀ ní Ìpẹru, àdúrà ọjọ́ méje ni wọ́n fi lé e lọ."

"Àmín," Oyèbámijí wí, kíákíá, kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ nǹkan mìíràn.

Wúrà dá orin, àwọn tó kù gbè é, àtẹ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ìtẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun kan tí ìyá rẹ̀ nìkan rí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ, ó ń retí ohun tó máa ń wá wúwo lé e. Kò sí ohun tó wá. Morẹ́nikẹ́ dìde, Wúrà sì fà á lọ́wọ́ jókòó.

"Inú àdúrà ló wà, sister. Ibo ló tún fẹ́ wà tó jùyẹn lọ?"

Dekini ní ó kan ìyá ọmọ. Ó ní kí Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ láàárín ilé, kí gbogbo wọn dijú, kí wọ́n na ọwọ́ sí i. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wọ́n ní kí alákàn dijú. Morẹ́nikẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Oyèbámijí ti di tirẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀, ó dijú. Àdúrà ọ̀hún le, ó sì gùn. Wọ́n ké mọ́ ẹ̀mí tó di ọmọ náà láhọ́n, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ mọ́ ọn. Àárín ariwo yẹn ni ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún gba kíṣíìnì jáde, ó fọwọ́ taari géètì, géètì sì ṣí.

Wọn ò gbọ́ nígbà tí ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn iwájú. Nígbà tí wọ́n máa fi lajú, Andrew, bàbá òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, ti dúró láàárín wọn. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Oyèbámijí sáré dìde, torí Andrew ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ariwo rí.

"Sorry, Andrew, sorry. We're rounding up now."

Andrew ní kì í ṣe ti ariwo lòun bá wá. Ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo ojú Morẹ́nikẹ́ nìkan, ó sì kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ, pé ọmọ wà láàyè.

Wọ́n sáré tẹ̀ lé e dé Oldham Road, títì ńlá ìtòsí ilé wọn, gbogbo mọ́tò ti dúró pa. Ìtẹ́ jókòó sójú títì, ìgúnpá rẹ̀ bó, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú irun ọrùn Mọ́lì. Mọ́lì ò mí mọ́. Obìnrin tó wa mọ́tò wà létí títì, ó ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé òun ò rí i. Andrew ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló wà nígbà tó rí ọmọ náà tó ń sá bọ̀, ọwọ́ létí, tí ajá ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé etí títì, Mọ́lì jókòó, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó fìdí lélẹ̀, ó ń dúró kí okùn fa ọmọ dúró. Kò sí okùn. Ọmọ bọ́ sójú títì. Andrew ní ajá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó dìde, ó fò mọ́ ọmọ náà, ó gbá a ṣubú kúrò níwájú mọ́tò.

Jákẹ́ẹ̀tì ò sí lára rẹ̀. Kì í ṣe àkókò iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè yọ ọwọ́ Ìtẹ́ kúrò nínú irun yẹn. Kò ké. Ká ní ó ké ni, ì bá sàn. Àwọn obìnrin méjì tó ń ti ọjà bọ̀ dúró, wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni ìyá irú ọmọ báyìí wà. Morẹ́nikẹ́ gbọ́ wọn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn níbẹ̀. Àwọn onímọ́tò ìlera wá yẹ ọmọ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Andrew bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé ajá náà bí ẹni wé ọmọ, ó gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n padà délé, oúnjẹ ti tutù. Àwọn ará ilé àdúrà ṣì jókòó, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó yẹ kóun lọ tàbí kóun jẹun.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́," Dekini wí. "Ajá ló lọ, ọmọ ló kù. Bí Ọlọ́run ṣe fi àgbò dípò Ísáákì náà nìyẹn."

Wọ́n ṣe àmín. Morẹ́nikẹ́ ò ṣe. Ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìgúnpá ọmọ rẹ̀.

"Dekini," ó wí, kò gbójú sókè, "àgbò yẹn ò dùbúlẹ̀ lé Ísáákì lẹ́sẹ̀ rí."

Sister Wúrà fẹ́ fi òwe tún ọ̀rọ̀ ṣe. "Ẹ mú un mọ́ra, sister. Ajá tó bá máa sọnù…" Kò sẹ́ni tó bá a gbè é. Òun náà gbé ìyókù mì, ó dìde lọ sí kíṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó mọ́ínmọ́ín sínú ike, ó ní oúnjẹ ò gbọdọ̀ ṣòfò. Wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Rusholme àti ní Pendleton, pé ajá tí Brother Bámijí ń sìn lé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

Morẹ́nikẹ́ pe ẹgbẹ́ tó fún wọn ní Mọ́lì lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e kọ́kọ́ sunkún. Ó mọ Mọ́lì láti kékeré. Kò bá Morẹ́nikẹ́ wí, ì bá sì sàn kó bá a wí. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ béèrè bóyá wọ́n lè rí òmíràn, obìnrin náà sọ pé àwọn ò gba orúkọ mọ́. Àwọn ọmọ tó ti ń dúró pọ̀ ju ajá tí àwọn lè kọ́ lọ. Òun ò lè sọ ìgbà tí àwọn máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ìlú tó tóbi tó báyìí, tí ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò gbogbo, àánú ẹni tó ń tọ́ ajá la ní kí àwọn ìyá wọn máa dúró dè. Kí ni wọ́n á ṣe kí ó tó kàn wọ́n? Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Wọ́n á fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì náà á wá ká wọn mọ́lé, a ó bi wọ́n pé ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹní bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Àwọn tó kù á dúró máa wo bí ọ̀já ṣe ń já.

"Mo ní kó o ti géètì," Oyèbámijí wí. Ó ti ń dúró kí fóònù parí. "Àbí mi ò sọ ọ́?"

"Mo tì í."

"Tó o bá tì í, ta ló ṣí i? Ṣé Mọ́lì fọwọ́ ṣí i ni?"

"Mo fi irin dá a lábùú, Daddy Ìtẹ́." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń yẹ̀. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí irin náà, lẹ́yìn náà kò dá a lójú mọ́ bóyá ti òní ni àbí ti àná. "Àbí mo gbàgbé ni?"

Màmá ti wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó tú gèlè, ó gbé e lé itan.

"Bámijí, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni."

Wọ́n yíjú sí i.

"Mo ní kó lọ rìn káàkiri, kó wálé nírọ̀lẹ́. Bí ajá wa ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Jákẹ́ẹ̀tì ò sí lára ẹ̀, mo rò pé ajá lásán ni."

Oyèbámijí yíjú síbi tí jákẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì? Morẹ́nikẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ tó tú okùn. Kò sí ẹni tó lè na ìka sí ẹnì kejì nínú ilé yẹn, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìrẹsì fi gan nínú ìkòkò.

Ìtẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ sídìí kóòtù bàbá rẹ̀, ó fa jákẹ́ẹ̀tì búlúù náà já bọ́, ó fi irin okùn há bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá ń lọ káàkiri ilé, ó ń wọ́ jákẹ́ẹ̀tì òfìfo nílẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ó dé abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí Mọ́lì ń sùn. Ó dé iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí géètì tó ṣí sílẹ̀.

Oyèbámijí lọ pa géètì dé, ó fi irin dá a lábùú. Ìtẹ́ ké. Igbe tí kò ké lójú títì ló ké yẹn. Bàbá rẹ̀ ṣí géètì, ọmọ dákẹ́. Bàbá tún gbìyànjú láti tì í, ọmọ tún ké. Nígbà tó yá ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wọlé, ó kọjú sí ògiri. Morẹ́nikẹ́ wà nídìí omi ìfọwọ́, kò ṣí ẹ̀rọ omi, kò fọ nǹkan kan.

Màmá ló jáde lọ bá ọmọ náà. Orúnkún ń dùn ún, ó pẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó mú okùn náà, ó fi yí ìdí ara rẹ̀ ká lórí ìró, ó ta á ní kókó bí èèyàn ṣe ń ta ọ̀já. Lẹ́yìn náà, nítorí ó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí ajá ń ṣe é, ó rọra fi ara lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì wúwo lé e.

Ìtẹ́ ò tì í kúrò. Kò wo ojú rẹ̀. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún kọjú sí géètì.

"Àkànní," Màmá wí.

Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òrùlé. Ní Ṣàgámù, àsìkò yìí ni àwọn ajá máa ń padà wálé.